Bí A Ṣe Lè Ṣètò Ìgbòkègbodò, Ìrìn-àjò àti Ìdánilọ́lá Àwọn Ọmọ Ilé-ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kátólíìkì

Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ bá ń parí lọ, ilé-ìwé a máa kó ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ṣe jọ: kíláàsì kẹrin lọ wo kàtídírà, ẹgbẹ́ akọrin kọrin níbi Mísà, àwọn mẹ́ta gba ife nínú ìdíje ìṣirò, àwọn kan sì gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìròyìn bẹ́ẹ̀ dùn ún gbọ́, ó sì tọ́ kí a dúpẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan, mo gbé rẹ́jísítà kíláàsì mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìròyìn náà, mo sì ń wá orúkọ àwọn ọmọ mi nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ méje kan náà ni orúkọ wọn ń jáde níbi gbogbo. Àwọn mẹ́rìndínlógún kò jáde níbì kankan, bẹ́ẹ̀ ilé-ìwé ni wọ́n wà lójoojúmọ́. Ọjọ́ náà dùn mí wọra. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tẹ̀ lé ìlànà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín, èyí tó so ètò ọdún, ìrìn-àjò àti ìdánilọ́lá pọ̀ mọ́ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìwé kan, ojú ewé méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan

Kí ẹ tó ronú kan bọ́ọ̀sì tàbí ẹ̀bùn, ẹ wá ìwé àkọsílẹ̀ kan tó nípọn, kí ẹ sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé méjì tó kọjú síra. Apá òsì wà fún ohun tí ọmọ náà bá kópa nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tó ti wáyé. Apá ọ̀tún wà fún ohun tí ẹ fi ojú ara yín rí tí ọmọ náà ṣe, apá ọ̀tún yìí gan-an ni iṣẹ́ sì wà. “Ó ṣe dáadáa” kì í ṣe àkọsílẹ̀, nítorí kò sí ọmọ tí a kò lè kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ láìtilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Irú gbólóhùn tí a ń fẹ́ ni èyí: “Ó ka ẹ̀kọ́ kìíní níbi Mísà lónìí, ó mí díẹ̀ ní òpin gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí a ti kọ́ ọ, ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jókòó sẹ́yìn pátápátá.” Ẹni tó bá ka èyí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà yóò mọ ohun tí ọmọ náà lè ṣe àti ohun tó yẹ kí a tún gbé fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ ṣí ìwé náà láti orí ọmọ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ojú ewé tó ṣófo ni ẹ ń wá. Bí ojú ewé ọmọ kan bá ti ṣófo fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má ṣe rò pé ọmọ náà kò ṣe nǹkan kan. Àwa olùkọ́ ni a kò tíì wò ó. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sórí pépà kékeré kan, kí ó sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ óò yàn síṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kàlẹ́ńdà Ìjọ ti la ọ̀nà sílẹ̀

Àǹfààní ńlá tí ilé-ìwé Kátólíìkì ní ni pé kò nílò láti máa ronú ohun tí yóò fi kún inú ọdún. Oṣù Kẹwàá jẹ́ oṣù Rósárì, ọjọ́ 1 rẹ̀ sì ni àjọ̀dún Thérèse Mímọ́ ti Lisieux, tí Ìjọ fi ṣe alágbàwí iṣẹ́ ìhìnrere ní ọdún 1927; ọjọ́ 4 jẹ́ ti Francis Mímọ́ ti Assisi, ọjọ́ 7 sì jẹ́ ti Màríà Ìyá Rósárì. Ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá jẹ́ ti gbogbo àwọn Ẹni Mímọ́, ọjọ́ kejì rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn òkú. Lẹ́yìn èyí ni Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin tó ṣáájú Kérésìmesì yóò dé. Ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ni a ń rántí John Bosco Mímọ́, ẹni tó ń kó àwọn ọmọdékùnrin aláìní jọ ní ìlú Turin láti kọ́ wọn ní ìwé, iṣẹ́ ọwọ́ àti àdúrà. Ọjọ́rú Eléérú, ọjọ́ Jósẹ́fù Mímọ́ tí í ṣe ọjọ́ 19 oṣù Kẹta, Àjíǹde, àti oṣù Karùn-ún tí a yà sọ́tọ̀ fún Màríà yóò tẹ̀ lé e, kí a tó wá dórí ọjọ́ ẹni mímọ́ tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ilé-ìwé náà.

Ẹ má ṣe gbìyànjú láti ṣe gbogbo rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ yan méjì péré ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ìbéèrè kan yàn wọ́n: ọwọ́ ọmọ mélòó ni èyí yóò gbà? Eré ìbí Jésù lè jẹ́ ti ọmọ mẹ́jọ tó wọ aṣọ oyè nígbà tí ogún ìyókù ń wòran, ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ gbogbo kíláàsì. Ní ọdún 1223, nígbà tí Francis Mímọ́ ṣètò ibùjẹ ẹran sí Greccio ní ilẹ̀ Ítálì kí àwọn ènìyàn lè fi ojú wọn rí bí ìbí Olúwa ti rí, ibùjẹ ẹran, koríko, màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ó lò, àwọn ará àdúgbò sì wá pẹ̀lú iná lọ́wọ́. Bí a bá rántí èyí, a ó mọ̀ pé ẹni tó di iná mú náà wà nínú ìtàn.

Ìgbòkègbodò tí mo fẹ́ràn jù ni Rósárì alààyè. Rósárì tí a máa ń lò ní ìlẹ̀kẹ̀ 59, tí 53 nínú wọn jẹ́ ti “Mo kí ọ Màríà”, tí 6 sì jẹ́ ti “Baba wa”. Kíláàsì méjì tàbí mẹ́ta lè para pọ̀ dúró yí pápá ká, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ kan, kí ó di àtùpà kékeré tàbí òdòdó kan mú, kí ó sì dá ka àdúrà tirẹ̀ sókè nígbà tó bá kàn án. Mo rántí ọmọdébìnrin kan tí ó ti wà ní kíláàsì mi fún oṣù méjì láìdáhùn ìbéèrè kankan ju kí ó mi orí lọ. A fi í sí ìlẹ̀kẹ̀ kẹta nínú mẹ́wàá kejì, láàárín ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Nígbà tó kàn án, ìdákẹ́jẹ́ wọlé, ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ kejì fi fẹ́ bá a kà á, mo sì ṣẹ́wọ́ sí i pé kó dúró. Ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé “Àmín”, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Gbólóhùn mẹ́rin ni mo kọ sí ojú ewé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí àwọn ọmọ ẹlẹ́sìn mìíràn bá wà nínú kíláàsì, ẹ bá àwọn òbí wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ọmọ tí kò bá ní ka àdúrà lè gbé àtùpà láti ìlẹ̀kẹ̀ dé ìlẹ̀kẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì kéré.

Lórí iṣẹ́ àánú, ẹ fara balẹ̀. Ẹgbẹ́ Ìgbà Èwe Mímọ́, tí Bíṣọ́ọ̀bù Charles de Forbin-Janson ti Nancy dá sílẹ̀ ní ọdún 1843 kí ọmọdé lè máa ran ọmọdé lọ́wọ́, kò béèrè ju àdúrà kúkurú kan lójúmọ́ àti owó kékeré kan lóṣù. Ibi tí ilé-ìwé ti ń ṣìnà ni ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ ẹni tó mú owó jù wá. Àpótí kan ṣoṣo ni kí ó wà, kí ó ní ìdérí, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ ohun tí ẹlòmíràn fi sínú rẹ̀. Iṣẹ́ ni kí ẹ pín: ẹni tí yóò ka owó pẹ̀lú olùkọ́, ẹni tí yóò kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí yóò kọ lẹ́tà tí yóò bá a lọ.

Ìrìn-àjò: ibi kan, ìbéèrè kan

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà ni ìrìn-àjò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ yan ibi kan ṣoṣo, kí ẹ sì fún àwọn ọmọ ní ìbéèrè kan tí wọn yóò wá ìdáhùn rẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ kàtídírà, ìbéèrè náà lè jẹ́ pé kí ló mú kí ilé ìjọsìn yìí yàtọ̀ sí ti ìjọ wa. Inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí àga ni orúkọ kàtídírà ti wá, nítorí ibẹ̀ ni àga Bíṣọ́ọ̀bù wà. Ọmọ tó bá ti mọ èyí kí ó tó gbéra yóò wọlé pẹ̀lú ojú tó ń wá nǹkan.

Olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá lọ. Fóònù kò tó. Ẹ lọ wo ibi tí bọ́ọ̀sì yóò dúró sí tí àwọn ọmọ kò fi ní sọdá títì, ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà àti iye yàrá inú rẹ̀, ibi tí a lè sá sí bí òjò bá dé, àti ẹnu ọ̀nà tí ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé láìjẹ́ pé a gbé e bí ẹrù. Ẹ bá Fadá tàbí ẹni tí yóò mú yín yíká sọ̀rọ̀, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí àwọn ọmọ lè fi àkókò tó kù wo nǹkan fúnra wọn.

Lẹ́tà sí àwọn òbí gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́, wákàtí ìgbéra àti ti ìpadàbọ̀, ohun tí ọmọ yóò mú dání, àwọn àgbàlagbà tí yóò bá wọn lọ, nọ́ńbà tí a lè pè, àti bóyá Mísà yóò wà. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún oògùn tí ọmọ ń lò àti ohun tí ara rẹ̀ kò gbà. Ìyọ̀ǹda fún yíya àwòrán gbọ́dọ̀ dá dúró lọ́tọ̀, nítorí òbí lè fẹ́ kí ọmọ òun lọ láìfẹ́ kí àwòrán rẹ̀ jáde. Ní ti owó, ẹ ṣètò ìrànwọ́ kí lẹ́tà tó jáde, kí ẹ sì kọ sínú rẹ̀ pé òbí tí ó bá ṣòro fún lè bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ ní ìdákọ́ńkọ́. Èmi kò fara mọ́ ìrìn-àjò tí ọmọ kan jókòó sí ilé-ìwé nítorí owó. Ó sàn kí a yan ibi tó sún mọ́ tòsí, kí gbogbo wọn sì fẹsẹ̀ rìn lọ.

Bí Mísà bá wà nínú ètò náà, ẹ ṣírò àkókò oúnjẹ dáadáa. Òfin Ìjọ ni pé kí ẹni tó fẹ́ gba Ara Olúwa má ṣe jẹ tàbí mu ohunkóhun, yàtọ̀ sí omi àti oògùn, fún wákàtí kan ó kéré tán ṣáájú gbígbà á. Òfin náà kò sì de aláìsàn. Àwọn ọmọ a máa ṣí àpò oúnjẹ wọn kí bọ́ọ̀sì tó kúrò lójú ọ̀nà ilé-ìwé, nítorí náà ẹ sọ fún wọn àti fún àwọn òbí wọn ṣáájú, tàbí kí ẹ kó gbogbo oúnjẹ sí ọwọ́ àgbàlagbà kan.

Nísinsìnyí, kíkà. Mo ti rí i lójú ara mi tí iye pé ṣùgbọ́n tí ọmọ kò pé. A ń padà bọ̀ láti ibì kan, mo ka orí nínú bọ́ọ̀sì, ó jẹ́ 38, bí ó ti yẹ kó rí. Awakọ̀ ti tan ọkọ̀. Olùkọ́ kejì ní kí a ṣì pe orúkọ, a sì rí i pé ọmọ ilé-ìwé mìíràn kan, tí àwọ̀ aṣọ rẹ̀ jọ ti wa, ti bá àwọn ọmọ wa wọlé, nígbà tí ọmọ tiwa kan ṣì ń fọ ọwọ́ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí a bá ti lọ, ọmọ méjì ni ìbá sọnù lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọjọ́ náà, n kò tún ka orí mọ́. Orúkọ ni mo ń pè, ọmọ náà ni yóò sì fi ohùn ara rẹ̀ dáhùn, ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ bá a dáhùn. Ẹ pè é nígbà tí ẹ bá ń gbéra, nígbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, nígbà tí ẹ bá ń kúrò ní ibi kọ̀ọ̀kan, àti kí ọkọ̀ tó yí táyà rẹ̀ padà sílé. Kí àgbàlagbà méjì máa pè é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì fi àbọ̀ wéra.

Ẹ pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ kéékèèké, kí orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wà lórí pépà lọ́wọ́ àgbàlagbà tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé iye tí òfin ibi tí ẹ wà là sílẹ̀. Ní tèmi, n kì í fi ju ọmọ mẹ́fà lọ sí ọwọ́ ẹnì kan nínú àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀. Àgbàlagbà kan kò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan níbi tí ojú kò tó wọn, yálà olùkọ́ ni, òbí ni tàbí àlejò, àwọn tí ilé-ìwé àti dáyósíìsì (agbègbè tí Bíṣọ́ọ̀bù ń bójú tó) ti yẹ̀ wò nìkan sì ni kí ẹ mú dání. Ẹ má ṣe tijú láti sọ òfin yìí fún ẹnikẹ́ni, nítorí ààbò ọmọ ju ojú àánú lọ.

Ní inú kàtídírà, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ohun kan tí yóò wá rí: ibi ìrìbọmi, àga Bíṣọ́ọ̀bù, àtẹ tí a ti ń ka Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ibi ìjẹ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn àwòrán mẹ́rìnlá ti Ọ̀nà Àgbélébùú, àtùpà tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a gbé Ara Olúwa sí. Kí ó jókòó síwájú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó yà á. Ọmọ kan tí àtùpà bọ́ sí lọ́wọ́ ya ẹ̀wọ̀n mẹ́ta tó so ó rọ̀, ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó wá bi mí léèrè pé ta ni ń tan án padà bí ó bá kú lóru. N kò dá a lóhùn. Mo ní kí ó lọ bi olùtọ́jú ilé ìjọsìn, bàbá náà sì mú un wọ yàrá ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú olùkọ́ kan, ó fi àbẹ́là tuntun hàn án, ó jẹ́ kí ó gbé e yẹ ìwúwo rẹ̀ wò, ó sì ṣàlàyé fún un bí òun ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ kí ti àná tó jó tán. Ìbéèrè yẹn wọ inú ìwé mi pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọmọ náà gan-an. Kíkúnlẹ̀, ohùn jẹ́jẹ́ àti bí a ṣe ń rìn níwájú pẹpẹ, inú kíláàsì ni kí ẹ ti fi àga dánra rẹ̀ wò, kí ẹ má bàa lo ọjọ́ ìrìn-àjò fún ìbáwí.

Bí ó bá jẹ́ ilé àwọn arúgbó ni ẹ fẹ́ lọ, ẹ ṣètò láti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, àwọn ọmọ yóò kọrin, wọn yóò sì máa wo ilẹ̀. Ìgbà kejì ni wọ́n tó máa ń rántí orúkọ.

Láàárín ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìrìn-àjò, kí gbogbo kíláàsì kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ kan, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn kan nínú rẹ̀ nípa ohun tí òun fúnra rẹ̀ rí. Bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo wọn yóò kọ pé “a gbádùn rẹ̀”.

Ìdánilọ́lá tí kò pa irọ́

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí a fi sọ́kàn ṣáájú gbogbo rẹ̀: sákírámẹ́ntì, irú bí gbígba Ara Olúwa, kì í ṣe ẹ̀bùn ìdíje. Nígbà tí Póòpù Pius X pàṣẹ ní ọdún 1910 pé kí a má ṣe dá ọmọ tó ti tó nǹkan bí ọdún méje, tó sì ti mọ ìyàtọ̀ láàárín Ara Olúwa àti oúnjẹ lásán, dúró mọ́, ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọ ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bùn “ẹni tó mọ kàtíkísìmù jù” lọ́jọ́ tí wọ́n gba Ara Olúwa, ẹ má sì ṣe to orúkọ wọn ní ipò. Ẹ kọ ọjọ́ náà sí ojú ewé ọmọ kọ̀ọ̀kan ní apá òsì, kí ó parí síbẹ̀.

Fún ìyókù, ẹ lo àpéjọ òwúrọ̀ kan lọ́sẹ̀. Ọmọ mẹ́ta péré ni kí ẹ pè, kí ẹ ka gbólóhùn kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti inú ìwé náà, kí ẹ sì kọ gbólóhùn yẹn gan-an sórí ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Bí ẹ bá fún gbogbo ọmọ ní ìwé ẹ̀rí kan náà lọ́jọ́ kan náà, wọn yóò mọ̀ pé kò ní ìtumọ̀, nítorí ojú ọmọdé mú ju bí a ti rò lọ. Nígbà tí sáà bá fi parí, kí orúkọ gbogbo ọmọ ti jáde lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, lórí ohun tó jẹ́ òótọ́. Bí ẹgbẹ́ kan bá gba ife, ẹ pe orúkọ ẹni tó jókòó sẹ́yìn tó ń dúró de àyè tí kò ṣí sílẹ̀ fún un, kí ẹ sì sọ ohun tó ṣe nígbà ìdánrawò.

Ọmọ tó ṣòro jù ni ọmọ tó ń da kíláàsì rú, tí a kò mọ ohun tí a ó kọ fún. Mo ti kọ́ láti wò ó níbi tí n kì í sábà wò ó: nígbà tí a bá ń kó àga, nígbà tí ọmọ kékeré kan bá ṣubú ní pápá, nígbà tí òun àti olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà bá ń sọ̀rọ̀. Mo rí ọ̀kan tó máa ń dúró gbé báàgì ọmọ kíláàsì kìíní kan gun àkàsọ̀ ní àràárọ̀, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ìtàn Francisco àti Jacinta Marto, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n sọ pé àwọn rí Màríà ní Fatima ní ilẹ̀ Portugal, tí Ìjọ kà mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́ ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2017. Ọmọ ọdún 10 ni Francisco nígbà tó kú, ọmọ ọdún 9 sì ni Jacinta. Mo máa ń sọ ìtàn yìí ní àpéjọ tí mo bá fẹ́ pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ó lè mọ̀ pé ìwà rere kò dúró de ìgbà tí ènìyàn bá dàgbà.

Bí ilé-ìwé bá fẹ́ gbé àwòrán jáde, ẹ má ṣe kọ orúkọ ọmọ ní kíkún sábẹ́ àwòrán rẹ̀, ẹ má sì ṣe gbé àwòrán ìrìn-àjò jáde nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ọdún ẹ̀kọ́, ẹ fi ẹ̀dà ojú ewé ọmọ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀, kí ẹ sì gbé ìwé náà fún olùkọ́ tí yóò gba kíláàsì yín. Ẹ jókòó tì í fún nǹkan bí wákàtí kan, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó gba ife. Ẹ ṣí i sí orí àwọn ọmọ tí ojú ewé wọn ṣófo jù lọ, kí ẹ sì sọ gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ nípa wọn fún un, títí kan èyí tí ẹ kò rí àyè kọ sílẹ̀.